Ẹsẹ̀ Méjìlá sí Ojú Ilé

Ìyá Onílà ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá àgbà tó ní yàrá lókè títí dé orí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lánàá. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ìlà ló ń fà lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ náà bá máa gbá bọ́ọ̀lù nílé, kí oòrùn tó yọjú, ẹ ó ti bá a lórí pápá, tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹfun onítáyà kan, nínú bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó fi àkísà dí níwájú kó má baà bọ́. A máa rìn jẹ́jẹ́, a pa ètè mọ́ra, bí ẹnikẹ́ni bá sì kí i, kò ní dáhùn àfi tó bá dé òpin ìlà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni. Ìlà wíwọ́ ló ń bẹ̀rù.

Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Bàbá náà ga débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Òpó, nítorí pé kò lo àkàbà rí láti so àwọ̀n mọ́ ojú ilé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi gé koríko, tó fi fa ìlà, tó sì fi lé àwọn olólùfẹ́ tó bá lọ jókòó sí àárín pápá. Ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún yẹ̀. Dókítà là á, ó tún un tò, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ títí ọdún á fi yípo.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ kan náà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ yàrá Ọ̀gá Eré Ìdárayá lọ, tó ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ pápá. Ọ̀gá náà yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, àfi bí ẹni pé obìnrin náà máa di ọkùnrin tí òun bá rí i dáadáa.

"Màmá, iṣẹ́ oòrùn ni o."

"Ọ̀gá, oòrùn ti mọ̀ mí tipẹ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ ṣe é títí sáà yìí á fi parí. Tí kò bá sí àléébù, ìwé iṣẹ́ náà di tiyín. Tí àléébù bá wà, ẹ padà sídìí ìgbálẹ̀ yín, a ò ní torí ẹ̀ jà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí obìnrin yìí fi fẹ́ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí èèyàn bá gbá, kò sẹ́ni tó ń rí i àfi lọ́jọ́ tí kò bá gbá a. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́nì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kó ní, "Ẹ wo bí ilẹ̀ yìí ṣe mọ́." Ṣùgbọ́n ìlà funfun lórí koríko tútù, kò sí bí wọn ò ṣe ní rí i. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàtà tuntun, ó sì ń gbàdúrà lé e lórí láràárọ̀ láìtijú.

Orí àga ni Òpó ti kọ́ ọ níṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí tìmùtìmù, igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ bíi pàṣán olùkọ́. Ó fún un ní okùn rẹ̀, èyí tó ti so àkísà pupa mọ́ ní gbogbo ibi tí ìlà ti gbọ́dọ̀ yà. Okùn yẹn mọ gbogbo nǹkan: gígùn pápá, ìbú rẹ̀, àpótí kékeré àti àpótí ńlá tí wọ́n ń fà sílẹ̀ níwájú ilé. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí lára rẹ̀, ìyẹn àmì róbótó tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé tí wọ́n bá fẹ́ gbá wòmí-n-gbá-sí-ọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní pẹnáritì.

"Ìyẹn ò gba okùn," ni Òpó wí. "Ẹsẹ̀ ni. Fi gìgísẹ̀ ti ìlà ilé, kí o máa rìn, kí o ka ẹsẹ̀ méjìlá síwájú, kí o da ẹfun síbẹ̀."

"Méjìlá?"

"Méjìlá. Má kà á ní mọ́kànlá, má kà á ní mẹ́tàlá."

"Ẹsẹ̀ báwo, Bàbá wọn?"

"Ẹsẹ̀ èèyàn ni, àbí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lo fẹ́ lò? Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù."

Ó sì kà á ní méjìlá. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, méjìlá pérépéré ni, kò dín, kò lé.

Ẹ̀yin ará, sáà náà dùn! Ikọ̀ tó jẹ́ pé lọ́dún tó kọjá, láti ìsàlẹ̀ lẹ ti máa wá orúkọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo èèyàn. Kóòṣì tuntun ni wọ́n ní, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Tó bá pariwo ní pápá, àwọn tó ń ṣèdánwò ní ilé kẹta á sọ bírò sílẹ̀. Wọ́n na ẹni àkọ́kọ́ ní mẹ́ta sí òdo. Wọ́n na ẹnì kejì ní méjì sí ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di ìdíje karùn-ún, kò sáyè ìjókòó mọ́ létí pápá. Àwọn olùkọ́ tí wọn kì í kí ara wọn nínú ọ́fíìsì ń dì mọ́ ara wọn tí bọ́ọ̀lù bá ti wọ àwọ̀n. Àlùfáà ìjọ Ìyá Onílà pàápàá gé ìwàásù kúrú lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ó ní Ẹ̀mí ló darí òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló rí ọrùn jẹ́sì tó yọ lábẹ́ aṣọ àlùfáà.

Balógun ikọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Ìbọn, ọmọ kan tó ṣe bọ̀kọ̀tọ̀, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá fún wọn ní wòmí-n-gbá-sí-ọ nílé, kí Ìbọn tó gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ làwọn èèyàn ti ń jó. Ó gbá márùn-ún nílé, márààrún ló wọlé. Níta, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: ó gbá méjì, méjèèjì fò lọ sójú ọ̀run. Wọ́n ní ariwo àwọn ará ìta ló ń da ọkàn rẹ̀ rú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́lé wọn ló ṣeé káàánú. Ọmọ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, onítìjú, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ̀ pé tí òun bá fẹ́ kí Ìyá Onílà láàárọ̀, kóun lọ dúró dè é ní òpin ìlà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá láti ọ̀nà jíjìn, kò sí èyí tí ọmọ yìí ò lè mú. Ṣùgbọ́n tó bá ti di wòmí-n-gbá-sí-ọ nílé, ó parí. Mẹ́fà ni wọ́n gbá sí i, mẹ́fà ló kọjá lára rẹ̀ bí omi. Bó ṣe di Asẹ́ nìyẹn. Níta, ó mú méjì nínú mẹ́ta, wọ́n ní orí ló bá a ṣe é.

"Asẹ́! Kí ló kù sínú ẹ lónìí?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pariwo bẹ́ẹ̀ tó bá ń kọjá.

"Má dá wọn lóhùn," Ìyá Onílà sọ fún un lọ́jọ́ kan tó ń ká àwọ̀n.

"Mi ò bínú sí wọn, Màmá. Ohun tí kò yé mi ni pé mo máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń fò sí. Ọwọ́ mi ló máa ń pẹ́ débẹ̀."

"Máa gbàdúrà sí i."

"Mò ń gbàdúrà, Màmá."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tètè máa fò."

Wọ́n bórí nínú ìdíje méjì sí i, ó wá ku ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Ìlú àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti máa gbá a. Ọ̀gá Eré Ìdárayá ní kí Ìyá Onílà náà wọ bọ́ọ̀sì, kó bá wọn lọ, ó ní ó ti ṣe wàhálà tó. Obìnrin náà dé pápá àwọn ẹni ẹlẹ́ni, kò kọ́kọ́ wo agbábọ́ọ̀lù kankan. Ìlà ló wò. Ìlà ẹ̀gbẹ́ kan wọ́ bí ẹni tó ń sùn rìn. Ó mi orí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í.

Ìdíje náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Àwọn onílé kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé, àwọn ọmọ wa dá a padà. Wọ́n fún wa ní wòmí-n-gbá-sí-ọ. Ìbọn gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀, ó sáré, ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà sì kọjá lókè òpó bí ẹyẹ tó rántí pé òun fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì í. Kóòṣì dojú bolẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú kan péré kí rẹfirí fọn fèrè nígbà tí ọmọ wa kan tó ń gbá ẹ̀yìn fò sókè, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó di méjì sí ẹyọ kan! Ìyá Onílà pariwo débi pé ó gbàgbé pé òun wà láàárín àwọn ará ibẹ̀. Gbogbo wọn ló yíjú wò ó. "Ẹ má bínú," ó wí, ó sì tún pariwo.

Nígbà tí àwọn ọmọ ń jó yí bọ́ọ̀sì ká, òun padà sórí pápá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló fẹ́ yẹ̀ wò. Ó fi gìgísẹ̀ ti ìlà ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka méjìlá. Àmì náà ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Àwọn wọ̀nyí ò tilẹ̀ lè ka ẹsẹ̀! Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, ó gbé ìkejì, ó wá dé orí àmì. Mẹ́rìnlá. Ó lọ sí ìdí ilé kejì, ó kà á. Mẹ́rìnlá. Ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá ibẹ̀ yọ sí i, ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ń dún wojowojo níbàdí rẹ̀.

"Màmá, kí ló sọnù?"

"Kò sí nǹkan, sà. Ẹsẹ̀ mélòó lẹ fi ń ka ibí yìí?"

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Téèpù ni. Mítà mọ́kànlá."

"Tọ̀hún yẹn ńkọ́?"

"Mítà mọ́kànlá náà ni. Ibi gbogbo láyé, mítà mọ́kànlá ni."

Ibi gbogbo láyé, àfi ibì kan. Ìyá Onílà bojú wo ẹsẹ̀ kúkúrú tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà: ìdí tí Ìbọn fi ń gbá a wọlé nílé tí tìta ń fò lọ, ìdí tí ọwọ́ Asẹ́ fi máa ń pẹ́. Àmì tòun ti sún mọ́ ilé jù. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló jókòó sí, Asẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orin ń lọ, àwọn ọmọ ń lu òkè bọ́ọ̀sì bí ẹni fẹ́ dá a lu, awakọ̀ ń bẹ̀ wọ́n. Kóòṣì dìde.

"Ẹ gbọ́! Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, àṣekágbá! Níbo la ti máa gbá a?"

"Nílé wa!" Bọ́ọ̀sì mì.

Lẹ́yìn náà ó rìn wá sẹ́yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìlàjì bọ́ọ̀sì nìkan ló gbọ́ ọ.

"Asẹ́, ọmọ mi, má bínú. Àṣekágbá lè parí sí pẹnáritì. Nílé, o ò mú ẹyọ kan rí. Ìkejì ẹ ni màá jẹ́ kó ṣọ́lé."

"Ó dáa, sà."

"Kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n. Ojú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ẹ ló ń já ẹ láyà. Mo ti rí irú ẹ̀ rí."

"Ó dáa, sà."

Kóòṣì padà síwájú. Asẹ́ kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Màmá mi ti ní òun ń bọ̀ wá wò mí. Kò wò mí rí."

Òpó ti gbọ́ ìròyìn ìdíje kí ìyàwó rẹ̀ tó wọlé. Ó fẹ́ dìde jó, orúnkún ò gbà.

"Wọ́n ní ẹ bórí!"

"A bórí."

"Kí ló wá mú ojú ẹ rí báyìí?"

"Bàbá wọn, ẹsẹ̀ yín mélòó ló ń dé orí àmì?"

"Méjìlá. Ṣé mi ò sọ fún ẹ ni?"

"Tèmi jẹ́ mẹ́rìnlá."

Òpó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó na tàntàn lórí tìmùtìmù, ó wo ti ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n làwọn ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń gbé nínú ilé kan náà, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi wọ́n wéra.

"Àṣé o kúrú," ó wí.

"Mo kúrú nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ mi."

"Mi ò fi ẹ́ wọn nǹkan nígbà yẹn."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìyàwó kò pẹ́ kó tó di omijé. Òpó mú ohùn wálẹ̀.

"Gbọ́ mi. Jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, pa àmì yẹn rẹ́, ka mẹ́rìnlá, pa ẹnu ẹ dé. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ọmọ yẹn nìkan ni kò mọ̀, òun sì ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Wọ́n ti yọ ọ́, Bàbá wọn. Nítorí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fi yọ ọ́."

"Ìwé iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé bí ọ̀nà kan bá wà tí kò ní gba ẹnu òun kọjá, kó jọ̀ọ́ kó fi han òun. Ó dúró díẹ̀. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan. Ìyá Onílà ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, ó mọ irú dídákẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà máa ń ṣe é fún wọn tí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe bá ti hàn sí wọn kedere.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní kí Kóòṣì àti Ọ̀gá Eré Ìdárayá jọ̀ọ́ bá òun dé pápá. Ó di orí téèpù mú lórí ìlà ilé, Kóòṣì fa ìyókù lọ dé orí àmì.

"Kí lẹ rí, Kóòṣì?" ni Ìyá Onílà bi í.

Kóòṣì tẹ̀ ba. Ó tún tẹ̀ ba. "Mítà mẹ́sàn-án àbọ̀."

"Mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́. Èmi ni mo ṣì í. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni méjìlá, mo fi tèmi kà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán ní èémí kan, kó má baà rí àyè yí i padà. "Kì í ṣe ojú àwọn ọmọbìnrin ló ń da Asẹ́ láàmú. Èmi ni."

Kóòṣì jókòó sórí koríko bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ń ka ìka rẹ̀. "Mẹ́fà," ó wí. "Mẹ́fà tó wọlé! Ta ló lè mú bọ́ọ̀lù láti mítà mẹ́sàn-án? Èmi gan-an ò lè mú u! Ìbọn náà ò lè tàsé ẹ̀, ìyá mi àgbà ò lè tàsé ẹ̀!" Ó fò dìde, ó kọ ẹnu sí ìhà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Asẹ́ẹ́ẹ́! Asẹ́ dà? Ẹ bá mi pè é!" Ó ti sáré lọ.

Ó wá ku Ọ̀gá. Ó ti yọ jígí, ó ń nù ún.

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ẹsẹ̀ mi ló sọ fún mi, Ọ̀gá. Nígbà tá a lọ síta."

"Mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ń ṣètò líìgì."

"Mo mọ̀, sà."

"Tọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín, ó di ẹ̀yìn àṣekágbá." Ìyá Onílà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Tí àléébù bá wà, wọ́n ti sọ ibi tí yóò padà sí. Àléébù kì í sì í ṣe mítà kan àbọ̀ lásán tó bá jẹ́ pé gbogbo sáà ni.

Àwọn olùṣètò líìgì dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú kan náà làwọn ikọ̀ méjèèjì ti ń gbá a nínú gbogbo ìdíje, èsì dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àwọn á wá fi téèpù tirẹ̀ wọn pápá náà kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ yẹn! Láràárọ̀ láti ojú àmì tuntun, wọ́n ń gbá a, Asẹ́ ń mú u. Ó mú ẹyọ kan, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni. Ó mú ìkejì. Nígbà tó mú ìkẹta, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bọ́ọ̀lù náà, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Kóòṣì dá jẹ́sì aṣọ́lé àkọ́kọ́ padà fún un níbẹ̀. Ìbọn ní tirẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sórí òrùlé ilé ìkàwé.

"Màmá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́!" ó kígbe.

"Ayé ẹ ò bàjẹ́. Ó kàn fi mítà kan àbọ̀ gùn sí i ni!"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó tó di aago mẹ́wàá, èèyàn ti kún orí ògiri. Òṣìṣẹ́ líìgì náà, ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n funfun, na téèpù rẹ̀ tán, ó ní, "Mọ́kànlá géérégé. Pápá mẹ́sàn-án ni mo ti wọ̀n lọ́dún yìí. Ibí yìí nìkan ni wọn ò ti ní kí n mójú kúrò díẹ̀." Ìyá Onílà rọra mí. Wọ́n gbé Òpó wá tòun ti àga rẹ̀, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń júwe ìlà fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì mú, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gùn. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún Ìyá Onílà pé ìyá Asẹ́ nìyẹn.

Ìdíje náà di ọ̀mì, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Wọ́n fi àkókò kún un, ọ̀mì ni. Rẹfirí fọn fèrè, ó na ọwọ́ sí àmì róbótó tí Ìyá Onílà da ẹfun sí láàárọ̀. Wòmí-n-gbá-sí-ọ márùn-ún-márùn-ún.

"Ọlọ́run mi," ni Ìyá Onílà wí, ó sì di ọwọ́ ìyá Asẹ́ mú láìbéèrè.

Àwọn ọmọ wa ló kọ́kọ́ gbá. Ó wọlé. Àwọn àlejò gbá, ó wọlé. Tiwa, ó wọlé. Àlejò kejì gbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀, ó sáré, ó gbá a sápá òsì. Asẹ́ ti wà lọ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀! Ó débẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń bẹ níbẹ̀! Ó lù ú síta. Ariwo tó sọ, ẹyẹ kankan ò kù lórí igi.

"Ọmọ mi ni!" ìyá rẹ̀ kígbe, báàgì ti bọ́ sílẹ̀. "Ọmọ mi nìyẹn!"

"Ọmọ gbogbo wa ni, Màmá!" ni Òpó dá a lóhùn.

Ó kan Ìbọn. Ó gbá a, ó kọjá lókè òpó. Ìbọn fi jẹ́sì bojú, Ìyá Onílà sì fi ọwọ́ kan lé orí, nítorí pé òun ló mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà níwà yẹn. Àlejò kẹta, ó wọlé. Méjì sí méjì. Tiwa, ó wọlé. Tiwọn, ó wọlé. Mẹ́ta sí mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀yìn tó fi orí kan bọ́ọ̀lù níjọ́sí ló gbá ìkarùn-ún wa, ó rọra gbá a bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ń sùn. Ó wọlé. Mẹ́rin!

Ó wá ku ẹyọ kan. Balógun àwọn àlejò fúnra rẹ̀ ló gbé e lélẹ̀. Ó tún un gbé. Ó sẹ́yìn gan-an. Asẹ́ dúró lórí ìlà, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò mira. Ọkùnrin náà sáré, ó gbá a lápá ọ̀tún, nílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára tó ní. Ẹ mọ bí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe lè gùn tó? Ó gùn tó mítà mọ́kànlá. Asẹ́ fò, ó nà tàntàn, ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lu òpó, ó padà sẹ́yìn, Asẹ́ yí gbirigbiri, ó dì í mọ́ àyà.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán. Àwọn tó wà lórí ògiri tú wọnú pápá. Kóòṣì ń sáré kiri, kò mọ ẹni tó yẹ kóun dì mọ́, ló bá dì mọ́ rẹfirí. Ìbọn gbé Asẹ́ sí èjìká, òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo jù. Ìyá Onílà àti ìyá Asẹ́ dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, Òpó sì ń fi igi ìtilẹ̀ rẹ̀ lu àga.

Àárín gbogbo rẹ̀ ni Ọ̀gá Eré Ìdárayá ti yọ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Onílà tààrà. Obìnrin náà dẹ́kun fífò. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Màmá, ẹ mú fọ́tò pélébé méjì wá lọ́jọ́ Ajé. Ìwé iṣẹ́ yín ti wà lórí tábìlì mi."

Ìyá Onílà wò ó, kò gbà á gbọ́.

"Àléébù wà, mi ò sọ pé kò sí," ni Ọ̀gá wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wà nípò yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá bá mi tòun ti téèpù láti fi àṣìṣe ara yín hàn mí. Tí mo bá dá yín padà sídìí ìgbálẹ̀ nítorí ìyẹn, ta ló tún máa sọ òótọ́ fún mi? Ẹ máa fi téèpù ṣe é láti òní lọ ṣá o."

Ìyá Onílà la ẹnu láti dúpẹ́, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti bá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn lọ. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, èémí lásán ló jáde. Ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ Ọ̀gá mú, ó ń jù ú sókè sódò, sókè sódò, títí ọkùnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín, tó ń wí pé, "Mo ti gbọ́, Màmá, mo ti gbọ́," tí kò sì rí ọwọ́ rẹ̀ gbà padà.